Nígbà Tí Ṣéènì Bá Kọ̀ Láti Gun Àwo Ńlá: Àlàyé Lórí Díréélọ̀ Iwájú Kẹ̀kẹ́ Ológeere

Díréélọ̀ iwájú ni irin kékeré tí a dì mọ́ òpó tí ó gbé ìjókòó kẹ̀kẹ́ ológeere ró, lókè àwọn àwo eléyín tí pẹ́dà ń yí, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti ti ṣéènì kúrò lórí àwo kan bọ́ sórí òmíràn nígbà tí ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ bá fẹ́ kí pẹ́dà fúyẹ́ lẹ́sẹ̀ tàbí kí kẹ̀kẹ́ túbọ̀ sáré. Apá ibi tí ṣéènì ń gbà kọjá lára rẹ̀ ni a ń pè ní àgò, èyí tí í ṣe pẹlẹbẹ irin méjì, ọ̀kan ní inú, ọ̀kan ní òde, tí wọ́n dojú kọ ara wọn. Àgò yìí wà lórí oríkèé mẹ́rin tí ó jẹ́ kí ó lè rìn wọlé kí ó sì rìn jáde. Sípíríǹgì kan ń fà á wọlé sí ìhà àwo tí ó kéré jù lọ, wáyà tí ó ti ara ọwọ́ jíà wá sì ń fà á jáde sí ìhà àwo tí ó tóbi jù lọ. Kí ó má baà rìn kọjá àyè rẹ̀, a fi síkúrúù kéékèèké méjì sí i lórí, tí a óò máa pè ní síkúrúù ààlà: èyí tí a kọ lẹ́tà L sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ó ń dá àgò dúró ní ìhà inú, èyí tí a kọ H sí ni ó ń dá a dúró ní ìhà òde.

Nítorí pé síkúrúù méjèèjì yìí hàn sójú, tí síkúrúdíráífà kò sì ṣòro láti rí, orí wọn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ lọ nígbà tí ṣéènì bá ń ṣe ségesège, ibẹ̀ gan-an sì ni ìṣòro kan ti máa ń di méjì. Síkúrúù ààlà kì í ṣàdédé yí ara rẹ̀. Bí kẹ̀kẹ́ kan bá ń yí jíà geere ní èṣín, tí ó wá kọ̀ lọ́dún yìí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan síkúrúù rẹ̀, a jẹ́ pé nǹkan mìíràn ni ó yí padà: wáyà lè ti dógùn-ún, gíríìsì lè ti dì, oríkèé lè ti le, irin ìdìmú lè ti yẹ̀, eyín àwo sì lè ti jẹ. Ẹni tí ó bá ń yí síkúrúù láti fi wo irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ti ba ohun kan ṣoṣo tí ó ṣì wà ní ipò rẹ̀ jẹ́. Ìlànà tí ó tọ́ ni kí a kọ́kọ́ wá ohun tí ó yí padà, kí ọ̀rọ̀ síkúrúù sì gbẹ̀yìn.

Ní agbègbè Súrùlérè, Yábàá àti Múṣín ní ìlú Èkó, ilẹ̀ àti ojú ọjọ́ ibẹ̀ fúnra wọn ti tó láti sọ ohun tí ó sábà máa ń yí padà. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú. Bí a bá yọ gígun afárá bíi ti Ojúẹlẹ́gbà kúrò, kò sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tí ó lè mú kí ènìyàn sọ ṣéènì kalẹ̀ sórí àwo kékeré. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ tí ó ń wọ ìlú Èkó láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ibòmíràn ní Yúróòpù jẹ́ irú èyí tí a ṣe fún ojú ọ̀nà òkè, tí ó ní àwo mẹ́ta níwájú, tí iye eyín wọn sì lè jẹ́ 42, 34 àti 24. Àwo eléyín 24 yẹn wúlò púpọ̀ fún ẹni tí ó ń fi kẹ̀kẹ́ gun òkè ní Èkìtì, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ti Yábàá lọ sí Súrùlérè lè lo oṣù mẹ́fà kí ó má kàn án. Ní gbogbo àsìkò tí ṣéènì fi wà lójú kan bẹ́ẹ̀, wáyà náà wà lójú kan nínú rọ́bà rẹ̀, òjò tí ó ń rọ̀ láti oṣù Kẹrin títí dé oṣù Keje ń rin wọnú rọ́bà náà, ti oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá tún ń bá a níbẹ̀, eruku ọyẹ́ sì ń tẹ̀lé e. Àìlò ni ó ń ba díréélọ̀ iwájú jẹ́ níhìn-ín ju ìlò lọ, òtítọ́ yìí ni ó sì yẹ kí ó darí ọwọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ tún un ṣe.

Ìmọ̀ iṣẹ́ títún kẹ̀kẹ́ ṣe pẹ̀lú ní ìtàn tirẹ̀. Kẹ̀kẹ́ Raleigh tí ó ń ti Nottingham wá, èyí tí àwọn baba ń gùn lọ síbi iṣẹ́ láyé ìjọba òyìnbó, àwo kan ṣoṣo ni ó ní níwájú. Kódà èyí tí ó bá ní jíà mẹ́ta lára irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀, inú họ́ọ̀bù ẹ̀yìn ni jíà náà fara pamọ́ sí, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Sturmey-Archer ti ń ṣe láti nǹkan bí ọdún 1902. Nítorí náà, ohun tí ọ̀gá fi ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni títò sípóòkù, lílẹ táyà, títún bíréèkì àti béárìn ṣe, èyí tí àwọn àgbà oníṣẹ́ mọ̀ dé góńgó. Díréélọ̀ iwájú kò sí nínú ẹ̀kọ́ náà, kì í sì í ṣe ẹ̀bi wọn. Orí kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti kọ́kọ́ pàdé rẹ̀, láìsí ìwé ìlànà tí ó bá a wá.

Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kò nílò irinṣẹ́ kankan ju ọwọ́ lọ. Kí a fi okùn so ìdí ìjókòó kẹ̀kẹ́ kọ́ sára igi àjà tàbí ẹ̀ka igi, kí táyà ẹ̀yìn lè máa yí láìkan ilẹ̀. Dídojú kẹ̀kẹ́ dé, bí wọ́n ti máa ń ṣe é lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kò dára fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé ọwọ́ jíà yóò wà lábẹ́ níbi tí kò ti rọrùn láti tẹ̀ ẹ́, ojú tí ó sì ń wo àgò yóò máa rí òkè ní ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí a wá ibi tí wáyà ti yọ jáde kúrò nínú rọ́bà rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin férémù, kí a fi ìka méjì mú un, kí a sì rọra fà á kúrò lára férémù bí ọwọ́ kejì ti ń yí pẹ́dà síwájú. Bí ara díréélọ̀ bá dá, àgò yóò rìn jáde, ṣéènì yóò gun àwo ńlá pẹ̀lú ìró kan ṣoṣo; bí a bá sì dẹ ọwọ́, àgò yóò padà wọlé wéré, ṣéènì yóò já bọ́ sórí àwo tí ó tẹ̀ lé e.

Ohun tí ọwọ́ bá rí níbẹ̀ ni yóò sọ ibi tí àléébù wà. Bí ṣéènì bá gun àwo ńlá nígbà tí ọwọ́ fa wáyà, ṣùgbọ́n tí ọwọ́ jíà kò lè ṣe ohun kan náà, díréélọ̀ kò jẹ̀bi. Yálà wáyà ti dẹ̀, tàbí kí àléébù wà lókè, nínú ọwọ́ jíà tàbí nínú rọ́bà tí ó wà nítòsí rẹ̀. Bí àgò bá jáde ṣùgbọ́n tí kò padà, tàbí tí ó ń wọ́ padà díẹ̀díẹ̀, kí a tú bóòtù tí ó di wáyà mọ́ díréélọ̀, kí a sì fi àtàǹpàkò ti àgò náà lásán: bí ó bá wá ń padà kíákíá, inú rọ́bà wáyà ni ìdènà wà, bí ó bá ṣì ń wọ́, oríkèé rẹ̀ ni ó ti le. Àfi bí ọwọ́ pàápàá kò bá lè fa àgò débi àwo ńlá ni ó tó yẹ kí a fura sí síkúrúù H tàbí sí irin ìdìmú tí ó ti yẹ̀. Àyẹ̀wò yìí kì í gba àkókò, ẹni tí ó bá sì fò ó dá ń ṣiṣẹ́ nínú òkùnkùn.

Wáyà àti rọ́bà rẹ̀ ni ó yẹ kí a fara balẹ̀ sí jù lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni àléébù pọ̀ sí jù ní ìlú Èkó. Wáyà jíà kò nípọn tó wáyà bíréèkì: nǹkan bíi mílímítà 1.2 ni ti jíà, ti bíréèkì sì máa ń tó 1.5 tàbí 1.6, bẹ́ẹ̀ ni orí wáyà jíà kéré, tí ti bíréèkì sì tóbi. Ìyàtọ̀ tí ó jinlẹ̀ ju èyí lọ wà nínú rọ́bà tí ó bò wọ́n. Bí a bá gé rọ́bà bíréèkì, tí a sì wo ojú ibi tí a gé, irin pẹlẹbẹ kan ṣoṣo ni a óò rí tí a lọ́ yípo yípo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí a bá gé ti jíà, ọ̀pọ̀ wáyà tín-ín-rín ni a óò rí tí wọ́n tò ní òòró yí ihò àárín ká. Nígbà tí a bá fa wáyà, irin tí a lọ́ yípo máa ń sún kì, ó sì máa ń jẹ díẹ̀ nínú fífà náà run kí ó tó dé ìsàlẹ̀, nígbà tí àwọn wáyà òòró kì í sún kì. Bíréèkì lè fara da àdánù kékeré yìí, ṣùgbọ́n díréélọ̀ tí ó ní láti yan àwo kan láàárín mẹ́ta kò lè fara dà á. Ìdí nìyí tí kẹ̀kẹ́ tí a fi rọ́bà bíréèkì sí jíà rẹ̀ fi máa ń dá ṣéènì dúró lágbedeméjì, tí yóò máa ha àgò, bí ó ti wù kí a fún wáyà náà le tó. Ní ọjà bíi Ládiípọ̀ ní Múṣín, tí ó jẹ́ pé ẹ̀yà ara ọkọ̀ ni wọ́n ń tà jù níbẹ̀, ó rọrùn fún ènìyàn láti gba wáyà tí ó bá sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kí a béèrè wáyà jíà ti kẹ̀kẹ́ gan-an, kí a sì wo ojú rọ́bà rẹ̀ kí a tó sanwó. Ìkìlọ̀ kan tẹ̀ lé èyí tí kò ṣeé fi ṣeré: a kò gbọdọ̀ fi rọ́bà jíà sí bíréèkì láé, nítorí pé bí a bá tẹ bíréèkì tagbáratagbára, àwọn wáyà òòró yẹn lè tú ká, kẹ̀kẹ́ náà kò sì ní í dúró.

Bí wáyà bá ti dógùn-ún nínú rọ́bà, kí a pààrọ̀ méjèèjì pọ̀. Wáyà tuntun nínú rọ́bà tí ìpẹtà ti kún kò ní í pẹ́ tí yóò fi ṣe bíi ti àtijọ́. Bí ó bá jẹ́ gbígbẹ lásán ni ó gbẹ, kí a fa wáyà jáde, kí a fi kẹrosíìnì fọ inú rọ́bà, kí a jẹ́ kí ó gbẹ, kí a sì fi òróró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ díẹ̀ pa wáyà náà lára kí a tó dá a padà. Ibì kan tún wà tí ojú kì í sábà dé: lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́, wáyà máa ń gba abẹ́ férémù kọjá ní ìdí pẹ́dà, lórí ike kékeré kan tí ó ní ojú ọ̀nà tóóró. Ẹrẹ̀ àti iyanrìn tí táyà iwájú ń ta sókè láti inú ọ̀gbàrá máa ń kó síbẹ̀, wọ́n á gbẹ, wọ́n á sì di wáyà náà mú pinpin. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ ti tó láti fọ ibẹ̀ mọ́.

Inú ọwọ́ jíà ní àìsàn tirẹ̀, èyí tí ó wọ́pọ̀ lára kẹ̀kẹ́ tí ó ti wà nílẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó kó o wá. Gíríìsì tí ilé iṣẹ́ fi sínú rẹ̀ máa ń gbẹ, á wá le, irin kékeré tí ó yẹ kí ó kọ́ eyín jíà yóò sì lẹ̀ mọ́ ojú kan, tí yóò fi jẹ́ pé bí a bá tẹ ọwọ́ jíà, kò ní í mú nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ ọwọ́ jíà ni wọ́n ti jù nù nítorí èyí, tí kò sì bàjẹ́. Kí a ṣí ìdérí rẹ̀, kí a fín WD-40 tàbí kẹrosíìnì sí i títí gíríìsì àtijọ́ yóò fi yọ́ jáde, kí a máa tẹ̀ ẹ́ léraléra, nígbà tí ó bá sì ti ń dún ketekete bí ó ti yẹ, kí a kán òróró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i. Irú ìtọ́jú kan náà ni oríkèé díréélọ̀ ń fẹ́. Ọ́ìlì dúdú tí wọ́n yọ kúrò nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, tí kì í wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, kò dára fún èyíkéyìí nínú wọn, nítorí pé ó ti gbé ìdọ̀tí irin dání tẹ́lẹ̀, iyanrìn sì máa ń lẹ̀ mọ́ ọn.

Nígbà tí wáyà, ọwọ́ jíà àti oríkèé bá ti ń rìn geere, tí ṣéènì sì ń ṣe ségesège síbẹ̀, a lè wá wo ipò tí díréélọ̀ wà. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n há mọ́ ara wọn nínú kọ̀ǹténà máa ń gba ìgbúnlù, irin ìdìmú sì lè yí lára òpó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Nǹkan méjì ni kí a wò. Èkíní ni gíga: nígbà tí pẹlẹbẹ òde bá wà lókè àwo ńlá, àlàfo tí ó wà láàárín etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ àti ṣóńṣó eyín àwo náà gbọ́dọ̀ wà láàárín mílímítà 1 sí 3, èyí tí a lè fi igi ìṣáná wọ̀n. Bí ó bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, àgò kò ní í lè gbá ṣéènì mú dáadáa, ó sì lè sọ ọ́ nù sí òde. Èkejì ni ìdojúkọ: bí a bá dúró lókè tí a wo ìsàlẹ̀, pẹlẹbẹ òde àti àwo ńlá gbọ́dọ̀ lọ gbọọrọ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn láìsí èyí tí ó dorí kọ ibòmíràn. Kí a tú wáyà sílẹ̀ kí a tó dẹ irin ìdìmú láti tún un tò, nítorí pé bí wáyà bá ṣì ń fà á, díréélọ̀ yóò yí kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó ń tò ó.

Nísinsìnyí ni ó kan síkúrúù ààlà. Wáyà kò tíì ní í sí lórí bóòtù rẹ̀ nígbà tí a bá ń ṣètò L. Kí a gbé ṣéènì sórí àwo tí ó kéré jù níwájú àti èyí tí ó tóbi jù lẹ́yìn, nítorí ibẹ̀ ni ṣéènì ti sún wọ inú jù lọ. Kí a wá yí L títí àlàfo tí kò ju mílímítà 1 lọ yóò fi wà láàárín ṣéènì àti pẹlẹbẹ inú. Lẹ́yìn tí a bá ti fa wáyà le tí a sì dè é, kí a gbé ṣéènì lọ sórí àwo ńlá níwájú àti èyí tí ó kéré jù lẹ́yìn, kí a sì yí H títí irú àlàfo bẹ́ẹ̀ yóò fi wà láàárín ṣéènì àti pẹlẹbẹ òde. Yíyí síkúrúù sọ́wọ́ ọ̀tún ń dín ìrìn àgò kù, yíyí i sọ́wọ́ òsì ń fi kún un, ìlàjì ìyípo sì ti pọ̀ tó lẹ́ẹ̀kan. Bí ṣéènì bá ń já bọ́ sí ìdí pẹ́dà ní inú, L ti ṣí jù. Bí ó bá ń já bọ́ sórí apá pẹ́dà ní òde, H ni ó ṣí jù. Àṣìṣe kan wà tí ó máa ń bí òmíràn níhìn-ín: ẹnì kan á rí i pé ṣéènì ń já sí òde, á wá yí H pa pátápátá, ẹlòmíràn tí ó bá gba iṣẹ́ náà lẹ́yìn rẹ̀ á rí i pé ṣéènì kò gun àwo ńlá mọ́, á rò pé wáyà ni ó dẹ̀, á máa fà á le títí wáyà náà yóò fi máa já ní fọ́nrán fọ́nrán tàbí tí ike inú ọwọ́ jíà yóò fi ṣẹ́.

Àwo àárín kò ní síkúrúù kankan tí ó ń dá àgò dúró lórí rẹ̀; líle wáyà nìkan ni ó ń pinnu rẹ̀. Nọ́ọ̀tì kékeré oníhò tí wáyà gba àárín rẹ̀ kọjá lẹ́nu ọwọ́ jíà ni a fi ń ṣe é, bí a bá yí i sọ́wọ́ òsì wáyà á le, bí a bá yí i sọ́wọ́ ọ̀tún á dẹ̀. Ó tọ́ nígbà tí ṣéènì bá wà lórí àwo àárín níwájú àti èyí tí ó tóbi jù lẹ́yìn, tí pẹlẹbẹ inú sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ṣéènì ṣùgbọ́n tí kò kàn án.

Ìró ha-ha-ha tí a ń gbọ́ nígbà tí ṣéènì wà lórí àwo ńlá níwájú àti àwo ńlá lẹ́yìn, tàbí kékeré pẹ̀lú kékeré, kì í ṣe àléébù. Ṣéènì dá ọ̀nà kọjá ni, kò sì sí ìṣètò tí ó lè mú un kúrò. Bẹ́ẹ̀ náà ni díréélọ̀ tí ó dára kò lè gbé ṣéènì tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ tagbáratagbára: ẹni tí ó bá fẹ́ gun afárá ní láti yí jíà kí ó tó dé ẹsẹ̀ afárá, nígbà tí pẹ́dà ṣì fúyẹ́.

Bí gbogbo èyí bá wà ní ìtò tí ọ̀rọ̀ kò sì yanjú, ọjọ́ orí ni kí a wò. Àlàfo láti píìnì kan sí èkejì lára ṣéènì tuntun jẹ́ ìlàjì ínǹṣì, nítorí náà àlàfo 24 gbọ́dọ̀ jẹ́ ínǹṣì 12 gérégé lórí rúlà; bí ó bá ti gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún ínǹṣì, àkókò tó láti pààrọ̀ ṣéènì, bí ó bá sì ti di ìlọ́po méjì ìyẹn, eyín àwo pàápàá sábà máa ń ti jẹ, ṣóńṣó wọn á sì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Irú eyín bẹ́ẹ̀ máa ń di ṣéènì mú, tí yóò fi gbé e yípo dípò kí ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Kí a tún di apá pẹ́dà mú kí a mì ín sọ́tùn-ún sósì. Bí ó bá ń mì, béárìn ìdí pẹ́dà ti jẹ, kò sì sí bí àgò ṣe lè wà ní ìtò pẹ̀lú àwo tí kò dúró lójú kan.

Fún ẹni tí kò ní ohun tí ó ń fi àwo mẹ́ta ṣe lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ọ̀nà mìíràn wà tí ó bọ́gbọ́n mu gan-an. Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ SRAM ti Amẹ́ríkà ti gbé ètò jíà XX1 jáde ní ọdún 2012, pẹ̀lú àwo kan ṣoṣo níwájú àti mọ́kànlá lẹ́yìn, ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ olówó ńlá ni kò ní díréélọ̀ iwájú mọ́. Àwo àárín eléyín 34 pẹ̀lú èyí tí ó ní eyín 14 lẹ́yìn ń gbé kẹ̀kẹ́ tí táyà rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 26 lọ ní nǹkan bíi mítà 5 fún ìyípo pẹ́dà kan, èyí sì tó nǹkan bíi kìlómítà 21 ní wákàtí bí ẹsẹ̀ bá yí i ní ìgbà 70 ní ìṣẹ́jú kan, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ ní Ojúẹlẹ́gbà kì í sì í sábà gba ìyára tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí a yọ wáyà, rọ́bà àti ọwọ́ jíà ti òsì kúrò, ṣùgbọ́n kí a fi díréélọ̀ sílẹ̀ ní ipò rẹ̀, kí a sì yí síkúrúù L wọlé títí àgò yóò fi dúró gangan lórí àwo àárín, níbi tí yóò ti máa ṣọ́ ṣéènì kí ó má baà já. Bí síkúrúù náà bá kúrú jù láti ti àgò débẹ̀, síkúrúù mìíràn tí ó gùn jù ú lọ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì bá ihò náà mu, ni kí a fi rọ́pò rẹ̀.